Ríra Ọkọ̀ Ojú Omi Àlòkù ní Àbújá àti Òkè Ọya: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wò bí wọ́n bá lọ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣe é tún ṣe, ó sì ṣe é pààrọ̀. Ohun tó ń jẹ owó olówó gan-an ni pákó ìdí ọkọ̀ tó ti jẹrà lábẹ́ fáíbà, ìwé tí kò pé, àti ọkọ̀ tí kò bá omi tí wọ́n fẹ́ lò ó sí mu. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò fi kan ẹ́ńjìnnì rárá.

Irú ọkọ̀ wo ló yẹ kí n rà?

Omi tí ẹ fẹ́ lò ó sí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Adágún Jabi kéré, omi rẹ̀ sì máa ń dákẹ́. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin (HP) 15 ti tó ẹni tó fẹ́ fi gbafẹ́ tàbí tó fẹ́ fi gbé àlejò mẹ́ta káàkiri. Adágún Kainji lórí Odò Ọya kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n parí ìsédò (dam) náà, adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 136. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ àti ìjì tó máa ń ṣáájú òjò ń gbé ìgbì dìde níbẹ̀ débi pé ọkọ̀ tí etí rẹ̀ kò ga yóò máa bu omi sínú.

Ó tún ku ohun kan ní Kainji: àwọn igi tí omi bò mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n sé odò náà ṣì wà nísàlẹ̀. Omi adágún yìí máa ń fà, ó sì máa ń kún, tó bíi mítà 10 láàárín ọdún. Kùkùté tí ẹ gba orí rẹ̀ kọjá ní oṣù Kejì láìmọ̀ lè pàdé propeller yín, abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ lọ, ní oṣù Keje. Fún irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ tí etí rẹ̀ ga, tí gígùn rẹ̀ kò dín ní ẹsẹ̀ bàtà 18, kí ẹ sì ní propeller kejì nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Ní Lókọ́jà, ní Baro, ní Makurdi, iyanrìn ni wàhálà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi á fà, òkìtì iyanrìn á sì yọ láàárín odò. Ọkọ̀ abẹ́ pẹrẹsẹ ló yẹ ibẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ ṣóńṣó tí wọ́n ṣe fún ọ̀sà Èkó dùn ún wò, ṣùgbọ́n bó bá di oṣù Kẹta lórí Odò Benue, ẹ óò máa sọ̀ kalẹ̀ tì í ni.

Ṣé onípákó ni kí n rà, tàbí fáíbà, tàbí alumíníọ̀mù?

Onípákó ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn apẹja àti àwọn tó ń kó ẹrù. Owó rẹ̀ kò pọ̀, káfíńtà tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà ní èbúté púpọ̀. Ohun tó ń bèèrè ni ìtọ́jú ọdọọdún. Fáíbà fúyẹ́, ó ń yá, ṣùgbọ́n ẹni tó lè tún un ṣe dáadáa ní Òkè Ọya kò pọ̀, àtúnṣe ojú lásán ló sì máa ń pọ̀ jù nínú èyí tí ẹ ó bá lọ́jà. Alumíníọ̀mù ló fara da kùkùté àti iyanrìn jù. Bí ẹ bá rí èyí tí ibi ìjópọ̀ rẹ̀ kò tíì là, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Níbo ni wọ́n ti ń tà á?

Èbúté ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: Lókọ́jà, Baro, Jẹ́bà, New Bussa, Yelwa, Makurdi. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má kàn máa bi ọmọ tó wà létí omi. Ẹ wá Sarkin Ruwa, olórí àwọn apẹja, ẹ kí i, ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá. Ó mọ ọkọ̀ tó wà fún títà, ó sì mọ èyí tó ti rì rí. Àwọn dìlálì (alágbàtà) náà wúlò, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ó yé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó ni ọkọ̀ gan-an lẹ máa bá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Àwọn tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ ní Àbújá, ṣùgbọ́n Èkó, Wàrí tàbí Port Harcourt ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ náà wà. Ọkọ̀ tó ti lo omi iyọ̀ ní ìbéèrè tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìgbà wo ló dára jù láti rà?

Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin. Lórí odò bíi Benue, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti wà lórí iyanrìn nígbà yẹn, ẹ ó lè rí abẹ́ wọn. Láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá tí odò bá kún, gbogbo ènìyàn ló nílò ọkọ̀, owó á lọ sókè, abẹ́ ọkọ̀ á sì wà nínú omi.

Kí ni mo lè béèrè lórí fóònù kí n tó wakọ̀ lọ wò ó?

Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn, nọ́mbà ara ẹ́ńjìnnì, orúkọ tó wà lórí rìsíìtì, àti bóyá ọkọ̀ náà ṣe é gbé sínú omi lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Lẹ́yìn náà ẹ sọ pé, «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tiná bọ ẹ́ńjìnnì kí n tó dé.» Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í fi àìsàn rẹ̀ hàn. Bí ẹ bá dé, tí ẹ fọwọ́ kàn án, tó ń gbóná, ẹnì kan ti ń bá a jà láti òwúrọ̀.

Kí ni kí n mú dání lọ?

Òòlù kékeré, ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tọ́ọ̀ṣì, tépù ìwọnlẹ̀, sípánà plọ́ọ̀gì, sìkúrúdíráfà ńlá ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ, aṣọ àgbólẹ̀, lítà epo bẹntiróòlù 10 tiyín (bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ two-stroke, irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, kí ẹ fúnra yín po ọ́ìlì mọ́ ọn), àti láífù jákẹ́ẹ̀tì kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó máa wọ ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá lè rí ẹ̀rọ ìwọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n (bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) yá lọ́wọ́ mẹkaníìkì, ẹ mú un dání. Epo tiyín ṣe pàtàkì, kí ẹni tó ń tà má baà sọ pé epo tó ti pẹ́ ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣe ségesège.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ ṣì le?

Ìdí ọkọ̀ ni ibi tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Lára ọkọ̀ fáíbà, pákó ló wà nínú rẹ̀, fáíbà kàn bò ó ni. Ojú ihò bóòtù ni omi ti ń wọlé sínú pákó yẹn. Bí ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ kò bá fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà, pákó á máa mu omi lọ́dọọdún títí yóò fi jẹrà, fáíbà ìta á sì tún máa dán. Ibí yìí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù.

Ẹ kọ́kọ́ fi orí òòlù kan gbogbo ìdí ọkọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, nínú àti lóde. Pákó tó le á dún kọ́kọ́kọ́. Ibi tó ti jẹrà á dún pọ̀ọ́, bí ẹni pé kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ohùn ti yí padà, kí ẹ lè mọ bó ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀, ẹ di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ máa tì í sókè, kí ẹ sì máa fà á sílẹ̀, kí ẹnì kejì tẹjú mọ́ ìdí ọkọ̀. Bí pákó náà bá ń mì, tàbí tí ìlà tín-ín-rín kan bá ń là tó sì ń pa dé níbi igun, ó ti jẹrà. Ẹ wo ìdí bóòtù pẹ̀lú. Bí wáṣà rẹ̀ bá ti wọnú fáíbà, tàbí tí omi pupa gbígbẹ bá ti ṣàn sílẹ̀ láti ibẹ̀, inú ti tutù.

Àtúnṣe rẹ̀ wà: wọn á gé fáíbà inú kúrò, wọn á kó pákó tó jẹrà jáde, wọn á fi pákó marine tuntun àti résínì dí i. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni, ẹni tó bá fi fílà (lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ojú ihò) bò ó lójú kan kò tún nǹkan kan ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ gbogbo owó àtúnṣe náà kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Bí wọn kò bá gbà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ara fáíbà tó kù ńkọ́?

Ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó wà lójú ọ̀dà lásán kì í ṣe ohun tó ń bani lẹ́rù, oòrùn Òkè Ọya ló fà á. Èyí tó yẹ kó kọ yín lóminú ni ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan tó sì ń tàn káàkiri, tàbí èyí tó gùn tẹ̀ lé egungun ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fi èékánná ha á. Bí èékánná bá wọlé, ó ti kọjá ọ̀dà.

Ẹ rìn lórí ilẹ̀ ọkọ̀ láìwọ bàtà. Ibi tó bá ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, pákó rẹ̀ ti jẹrà. Tí wọ́n bá fi fóòmù kún abẹ́ ilẹ̀ náà kí ọkọ̀ má baà rì, fóòmù náà lè ti mu omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lítà omi kan wúwo kìlógíráàmù 1, nítorí náà fóòmù tó bá mu lítà 100 ti fi ènìyàn kan àti díẹ̀ kún ẹrù yín láìsọ fún yín. Bí ọkọ̀ bá jókòó sínú omi jù bó ṣe yẹ lọ, tí ìdí rẹ̀ sì rì ju orí lọ láìsí ẹrù, fóòmù ni kí ẹ fura sí.

Ọkọ̀ onípákó tí mo fẹ́ rà ń jò. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Kì í ṣe dandan. Ọkọ̀ onípákó tí wọ́n ti fà sórí iyanrìn látìgbà ọyẹ́ máa gbẹ, pákó á súnkì, àárín wọn á là. Bí wọ́n bá tún tì í sínú omi, á jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n pákó á wú padà láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, jíjò náà á sì dín kù gidigidi. Ẹ ní kí wọ́n ti rì í mọ́ ẹ̀bá omi kí ẹ tó dé. Èyí tó bá ṣì ń jò dáadáa ní ọjọ́ kẹrin, òwú tó wà láàárín pákó rẹ̀ ti lọ, tàbí pákó fúnra rẹ̀ ló ti jẹrà.

Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gún pákó níbi mẹ́ta: lábẹ́ ìjókòó níbi tí omi máa ń dúró sí, nídìí ọkọ̀, àti níbi tí omi òde mọ sí lára rẹ̀. Pákó tó le kò ní jẹ́ kí ọ̀bẹ wọlé ju díẹ̀ lọ. Ẹ wo ìṣó. Ìṣó tó ti dípẹtà máa ń jẹ pákó tó yí i ká, ó sì máa ń ní àwọ̀ dúdú ní ìdí rẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀dà tuntun. Ẹni tó bá fi ọ̀dà kun ọkọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó tà á, kì í ṣe nítorí ẹwà. Ẹ ha á kúrò níbi tó ga díẹ̀, ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò kí wọ́n tó tiná bọ̀ ọ́?

Ẹ má wo nọ́mbà tó wà lórí ìdérí. Ìdérí ṣe é pààrọ̀, ẹ́ńjìnnì 25 sì lè wọ aṣọ 40. Nọ́mbà tòótọ́ wà lára irin pẹlẹbẹ tó wà níbi ìgbékọ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti di ọkọ̀ mú. Bí irin náà bá ti fò lọ, tàbí tí wọ́n ti fá a, ẹ padà sílé. Ẹ́ńjìnnì ni olè máa ń jí jù létí omi.

Ẹ yọ propeller kúrò, kí ẹ wo ṣáàfù rẹ̀. Fọ́nrán àwọ̀n àti okùn ìwọ̀ máa ń ká mọ́ ọn, bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀ á gé rọ́bà ìdíwọ́ omi. Lẹ́yìn náà ẹ tú ìdè ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí ọ́ìlì gíà kán sórí aṣọ àgbólẹ̀. Ó yẹ kó ṣókùnkùn kó sì mọ́. Bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọlé, wọ́n sì ti fi ń wakọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi gan-an ló kọ́kọ́ kán kí ọ́ìlì tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Rọ́bà kò wọ́n, àmọ́ gíà àti bẹ́árì tó ti dípẹtà wọ́n. Eruku irin díẹ̀ lẹ́nu ìdè náà kò burú, àfọ́kù irin ló burú.

Ẹ wo plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Kí àwọ̀ wọn jọra. Èyí tó mọ́ nini ju èkejì lọ lè jẹ́ àmì pé omi ń wọ sílíńdà náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n: ẹ yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, ẹ so wáyà wọn mọ́ ara irin, ẹ ṣí tọ́rọ́tù (ọwọ́ ìfúnná ẹ́ńjìnnì) tán, kí ẹ sì fa okùn títí ọwọ́ ẹ̀rọ ìwọn á fi dúró. Iye tó jáde yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnnì sí ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ìyàtọ̀ àárín sílíńdà ni kí ẹ wò. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí èkejì, píṣìtìnnì tàbí ríńgì rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tó bá ti tiná, kí ni kí n máa wò?

Inú omi ni kí wọ́n ti tiná bọ̀ ọ́, tàbí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìkòkò ńlá tó kún fún omi. Bí wọ́n bá tàn án ní gbígbẹ, rọ́bà tó ń fa omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì á jóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹni tó ń tà bá fẹ́ tàn án bẹ́ẹ̀ níwájú yín, ẹ ti mọ irú ìtọ́jú tó ń ṣe fún un.

Láàárín ìṣẹ́jú kan, omi gbọ́dọ̀ máa tú jáde láti ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ láìdá. Bí kò bá tú, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí nínú ihò náà, ó sì lè jẹ́ rọ́bà tó ti fọ́. Ẹ pa á kíá, ẹ fi wáyà tín-ín-rín ṣí ihò náà, kí ẹ tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ní omi tí ojúoró bò, ewé àti ọ̀rá náilọ́ọ̀nù máa ń dí ibi tí omi ti ń wọlé lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ yẹ ibẹ̀ wò pẹ̀lú.

Èéfín two-stroke kò ṣàjèjì nígbà tó bá tutù. Bí ó bá ń bá a lọ pọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti po ọ́ìlì jù, tàbí kábúrétọ̀ ti bàjẹ́. Ti four-stroke, irú èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí epo, kò yẹ kó rú èéfín rárá, kí ẹ sì fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì jáde kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń rùn bí bẹntiróòlù, tó sì ga ju ìlà òkè lọ, fi hàn pé epo ń ṣàn wọ inú rẹ̀.

Ṣé kò tó bí ó bá ti ṣiṣẹ́ létí omi?

Kò tó rárá. Ẹ kó ènìyàn àti ẹrù tí ẹ máa ń kó wọ̀ ọ́, kí ẹ wà á fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. Ẹ gbé e lọ sí tọ́rọ́tù pípé fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò yára, rọ́bà àárín propeller ti já. Bí ó bá ń lọ dáadáa tó wá ń kú bọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tẹ ball tó wà lára okùn epo. Bí ó bá sọjí, ìṣòro wà ní pọ́m̀pù epo tàbí ihò afẹ́fẹ́ táǹkì. Ẹ dán gíà wò: iwájú, àárín, ẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tó bá ń fò kúrò nínú gíà, eyín rẹ̀ ti jẹ.

Ẹ gbé ọkọ̀ padà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Omi tó wọlé láàárín ìṣẹ́jú 30 gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ife lè kó.

Báwo ni gígùn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ṣe kàn mí?

Ẹ wọn láti etí òkè ìdí ọkọ̀ dé abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí ínṣì 15, ẹsẹ̀ kúkúrú ló yẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ínṣì 20, ẹsẹ̀ gígùn. Ẹsẹ̀ gígùn lórí ọkọ̀ kúkúrú á máa wọ́ lẹ́rẹ̀, á sì gba kùkùté kí ọkọ̀ tó gbà á. Ẹsẹ̀ kúkúrú lórí ọkọ̀ gíga á máa fa afẹ́fẹ́ dípò omi, á sì gbóná. Àlòkù tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn mọ́ pọ̀ lọ́jà.

Ènìyàn mélòó ni ọkọ̀ lè gbé?

Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 máa ń ní àkọlé iye ènìyàn àti agbára ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí, ẹ fi gígùn ẹsẹ̀ bàtà lu ìbú rẹ̀, ẹ fi 15 pín in. Ọkọ̀ tó gùn ní 18 tó sì fẹ̀ ní 6 jẹ́ 108, tí ẹ bá pín in, ènìyàn 7 ni. Ìṣirò omi tó dákẹ́ nìyẹn, kò sì bá ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ mu. Àpò ìrẹsì kan, ènìyàn kan ni kí ẹ kà á sí.

Ọkọ̀ láti Èkó tàbí Wàrí ńkọ́?

Iyọ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ yọ ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ìdí bóòtù orí sílíńdà àti ibi plọ́ọ̀gì. Èépá funfun tó gan níbẹ̀ jẹ́ àmì pé omi iyọ̀ ti ń jáde láàárín irin. Iyọ̀ tún máa ń dí ọ̀nà omi tútù inú ẹ́ńjìnnì, tí ẹ́ńjìnnì á fi máa gbóná lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ń tú jáde lẹ́yìn. Kòkòrò inú omi iyọ̀ máa ń jẹ pákó náà láti inú. Lójú, ihò abẹ́rẹ́ lẹ ó rí, nínú, ihò ìka.

Irin kékeré kan wà lára ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe kí ìpẹtà lè jẹ òun dípò ẹ́ńjìnnì, ànóòdù ni wọ́n ń pè é. Ti zinc ni wọ́n ń lò nínú omi iyọ̀. Nínú omi tútù bíi Odò Ọya, èépá máa ń bo zinc lára, kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí magnesium tàbí alumíníọ̀mù.

Tòkunbọ̀ dára ju ti ilé lọ bí?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ti Amẹ́ríkà ní nọ́mbà ara ọkọ̀ onílẹ́tà àti nọ́mbà 12 ní ọwọ́ ọ̀tún ìdí ọkọ̀. Nọ́mbà méjì tó gbẹ̀yìn lára èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1984 ni ọdún rẹ̀. Bí ó bá parí sí 05, tí wọ́n sì ń sọ fún yín pé 2015 ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Ìkìlọ̀ kan: ẹ yẹra fún èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Àwọn tó ti ìlú òtútù wá lè ti là nígbà tí omi inú wọn di yìnyín, mẹkaníìkì tó mọ̀ wọ́n ní Òkè Ọya sì ṣọ̀wọ́n. Outboard, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ìdí ọkọ̀ lóde, ni kí ẹ rà.

Ìwé wo ni mo gbọ́dọ̀ gbà?

Rìsíìtì àtètèkọ́rà bí ó bá wà, rìsíìtì tuntun tí nọ́mbà ara ẹ́ńjìnnì àti orúkọ yín wà nínú rẹ̀, ìwé ìbúra kóòtù láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà pé tirẹ̀ ni, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, àti ìbuwọ́lù ẹlẹ́rìí méjì. Bí ó bá jẹ́ Tòkunbọ̀, ẹ fi ìwé kọ́ọ̀sítọ́ọ̀mù kún un. Ẹ gbà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn náà ẹ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NIWA, àjọ tó ń rí sí omi inú ilẹ̀, tí òfin 1997 dá sílẹ̀, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lókọ́jà. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ náà gbé èrò, wọ́n á yẹ ọkọ̀ wò. Ẹ béèrè owó rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ fi kún owó ọkọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa dúnàá-dúrà?

Pẹ̀lú ìwé. Ẹ kọ gbogbo àléébù sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń rí i, ẹ fi iye owó ohun èlò àti iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi han ẹni tó ń tà. «Ọ̀gá, ẹ wò ó, èyí la rí» máa ń ṣiṣẹ́ ju kí ẹ kàn sọ pé ó wọ́n lọ. Ẹ má san àsanṣáájú tó pọ̀ kí ẹ tó rí ọkọ̀ nínú omi. Ẹ ya ìdá kan nínú márùn-ún owó yín sọ́tọ̀ fún ohun tí ẹ kò rí, torí ó máa yọjú.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e dé Àbújá?

Ẹ yọ ẹ́ńjìnnì kúrò kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sórí tírélà, kí ẹ jẹ́ kó dúró ṣánṣán. Four-stroke tí wọ́n fi dùbúlẹ̀ sí ìhà tí kò yẹ á da ọ́ìlì sínú sílíńdà. Ẹ fi táyà àlòkù tẹ́ abẹ́ ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí okùn tẹ fáíbà láìsí aṣọ. Bí ọkọ̀ bá ní tírélà tirẹ̀, ẹ wo nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bẹ́árì ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti ń rì sínú omi iyọ̀ láti ọdún dé ọdún kò ní dé Lókọ́jà. Ẹ tú u, ẹ fi gíríìsì tuntun sí i.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí mo bá ti rà á?

Ẹ pààrọ̀ rọ́bà pọ́m̀pù omi, ọ́ìlì gíà, plọ́ọ̀gì, sẹ́ẹ̀vì epo àti okùn epo, ohunkóhun tí ẹni tó tà á bá sọ. Ẹ fọ táǹkì. Fún two-stroke tó ń lo 50 sí 1, lítà epo kan, mílílítà ọ́ìlì 20. Kẹ́ẹ̀gì 25, ìdajì lítà. Ọ́ìlì TC-W3 ti outboard ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti alùpùpù. Ní tọ́rọ́tù pípé, ẹ́ńjìnnì 40 two-stroke lè mu lítà 15 sí 20 ní wákàtí kan. Ẹ ṣírò ìrìn àjò yín pẹ̀lú ìyẹn, kí ìdá kan nínú mẹ́ta epo yín tó gbẹ̀yìn máa jẹ́ ti ìfura.

Ṣé mo lè gbé e lọ síbikíbi?

Rárá. Omi Usuma ni Àbújá ń mu, ẹ má kàn gbé ẹ́ńjìnnì epo wọ inú rẹ̀ láìgba àṣẹ. Jabi náà ní àwọn tó ń bójú tó o, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Fún Adágún Shiroro ní Ìpínlẹ̀ Niger, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ààbò lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tó wà létí omi. Fún Adágún Chad, ọ̀dọ̀ àwọn ológun ni ẹ ti máa gbọ́ bóyá wọ́n ń gba ọkọ̀ láyè.

Ní òru ńkọ́?

Òfin ìrìnnà ojú omi ti 2023 kò gba ọkọ̀ láyè láti máa rìn lóru, ó sì ní kí gbogbo èrò wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ fún èrò 6, jákẹ́ẹ̀tì 7 lẹ máa rà, torí awakọ̀ náà wà níbẹ̀.